Ọjọ́ Ìkómọ Tí Mo Sùn Nínú Lọ́rì

Fọ́tò mẹ́ta ló wà lára ògiri pálọ̀ wa ní Thamesmead nílùú òyìnbó. Ọ̀kan ni ti ìgbéyàwó wa, ọ̀kan ni ti ìyá mi tó ti kú, ẹ̀kẹta ni ti ọmọ wa lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ yúnífọ́ọ̀mù. Ẹ̀kẹrin wà nínú dúrọ́ọ̀, lábẹ́ bátìrì àti àwọn kọ́kọ́rọ́ tí a ò mọ ilẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí mọ́. Èmi ni mo fi í síbẹ̀. Rámótà ìyàwó mi mọ̀ pé ibẹ̀ ló wà, kò sì bi mí rí.

Fọ́tò ọjọ́ ìkómọ ni. Gbogbo ẹni tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ ló wà níbẹ̀, àfi bàbá ọmọ.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, mo ti múra sílẹ̀ de òtútù. Gbogbo èèyàn ló ti kìlọ̀ òtútù fún mi. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi. Màá wọ bọ́ọ̀sì láti Thamesmead lọ sí Woolwich Arsenal láàárọ̀, bọ́ọ̀sì á kún fọ́fọ́, kò sì ní sí ẹni tó máa kí ẹnì kejì. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo ń kí gbogbo wọn bí mo bá ti wọlé. Obìnrin kan fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti pa ẹnu mi mọ́.

Mo gbálẹ̀ ní ilé ìtajà kan ní Woolwich. Mo kó ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí. Mo wa ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń pín ẹrù kiri ojúlé. Níkẹyìn mo ní kí n lọ gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀ ńlá, torí inú lọ́rì ni mo ti gbọ́n. Bàbá mi kó gẹdú láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí Èkó, ó kó o dé Kánò, títí ojú rẹ̀ fi di bàìbàì. Bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni màá jókòó sí, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo sì ní: kí n má jẹ́ kó sùn. Màá bó obì fún un, màá kọrin, màá tún sọ ìtàn tí mo ti sọ lánàá. Bí ohùn mi bá ti ń lọ sílẹ̀, á fi ìgúnpá gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìwọ tó yẹ kó o máa jí mi, ṣé èmi ni n ó máa jí ọ ni?"

Ohun tí wọ́n fi ń yin bàbá mi ládùúgbò nìyẹn, pé kì í sùn lójú ọ̀nà. Awakọ̀ tó bá dúró sùn, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, mi ò sì mọ̀ pé ẹ̀kọ́ mìíràn wà.

Mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò náà kí n tó wá yege. Lọ́jọ́ tí mo yege, iwájú ibùdókọ̀ ojú irin Woolwich Arsenal ni mo ti pe Bàbá. Ó pariwo débi pé mo gbé fóònù jìnnà sí etí. Ó ní kí n ka iye táyà ọkọ̀ náà fún òun. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà, kí àwọn tó wà lọ́dọ̀ òun lè gbọ́. Àwọn èèyàn ń kọjá lọ lọ́tùn-ún lósì mi, èmi ń ka táyà sókè lédè Yorùbá láàárín Woolwich, ojú ò tì mí rárá. Mi ò rò pé inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ títí ọmọ fi dé.

Ohun tí mi ò sọ fún Bàbá ni ọ̀rọ̀ káàdì. Nínú lọ́rì níbí, ẹ̀rọ kékeré kan wà lókè orí awakọ̀. Awakọ̀ á ki káàdì tirẹ̀ sínú rẹ̀ kó tó gbéra, ẹ̀rọ yẹn á sì máa ṣọ́ ọ: ìgbà tó ń wakọ̀, ìgbà tó ń já ẹrù, ìgbà tó ń sinmi. Bí ọjọ́ iṣẹ́ rẹ bá ti parí, o gbọ́dọ̀ sùn, ìsinmi náà sì gbọ́dọ̀ pé kó o tó tún tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀rọ ò bìkítà bóyá oorun ń kùn ọ́ tàbí kò kùn ọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ la ẹnu sọ fún bàbá mi pé òfin ń lé mi lọ sùn bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi?

Ẹ̀yìn ìjókòó ni ibùsùn wà, ó fẹ̀ ju pákó ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì lọ díẹ̀. Màá fa kọ́tìnì, màá jẹ ìrẹsì tí Rámótà dì fún mi, màá tẹ́tí sí òjò lórí páànù. Bí mo bá ń wakọ̀, á pè mí, ohùn rẹ̀ á sì kún inú ọkọ̀. Á sọ iye tí wọ́n ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Plumstead High Street, á sọ ẹni tó bá jà ní sàlúùnù. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe fún Bàbá nígbà tí mo wà lọ́mọdé ló ń ṣe fún mi, láì jẹ́ pé mo kọ́ ọ.

A pẹ́ ká tó rọ́mọ. Ìgbà tó dé, ọkùnrin ni, ọjọ́ Sátidé la bí i, Sátidé tó tẹ̀ lé e sì ni ìkómọ. Ìyá Rámótà ti wá láti Ìbàdàn. Ọmọ náà kì í sùn lóru, àwa náà ò sùn. Èmi ni mo ń gbé e rìn káàkiri pálọ̀ kí ìyá rẹ̀ lè rójú sùn.

Mo ti mú orúkọ. Nílé wa, bàbá ọmọ kì í pe orúkọ yẹn jáde lẹ́nu ṣáájú ọjọ́ náà. Á fi í pamọ́ sínú, á wá sọ ọ́ sí etí Alfa níṣojú gbogbo èèyàn. Rámótà bẹ̀ mí, ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ṣé orúkọ ìlú òyìnbó ni mo mú ni. Mi ò sọ.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè wọ́n pè mí níbi iṣẹ́: ẹrù kan ń lọ sí Glasgow, mo lè padà délé ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. A kì í ṣe òṣìṣẹ́ tó wà lórí ìwé wọn títí ayé. Ẹni tí kò bá jáde, ẹlòmíì á jáde. Mo ní ó dáa. Rámótà wo ojú mi.

"Ṣé o ti sun oorun kankan láti Sátidé?"

"Mo ti sùn," mo ní.

Ní ọ̀sán Jímọ̀, mo ti já ẹrù sílẹ̀, mo ti dojú kọ ilé. Ọ̀nà ibẹ̀ gba orí òkè kọjá láti Scotland wọ England. Kò sí igi, kò sí ilé, àgùntàn nìkan ló wà níbẹ̀. Ojú ọ̀run rí bí omi ìfọṣọ. Bí mo ṣe ń gun òkè náà ni yìnyín bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe irú èyí tó máa ń rọra bọ́ sílẹ̀ ní Thamesmead, tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré. Atẹ́gùn ń gbé e wá látẹ̀gbẹ́. Ìlà ojú títì pòórá, iná ẹ̀yìn ọkọ̀ tó wà níwájú mi di àmì pupa kékeré.

Yìnyín nìkan kọ́ ló dá mi dúró. Kó tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ojú mi ti pa dé. Etí títì wọn ní ibi tí wọ́n ṣe gbágungbàgun, tí táyà bá gùn ún á pariwo. Ariwo yẹn ló jí mi. Mo gbá ara mi létí, mo ṣí fèrèsé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tí mo máa ń kọ fún Bàbá. Kò pẹ́, mo tún gbọ́ ariwo náà, lọ́tẹ̀ yìí yìnyín ti bo ojú títì. Ibi tí wọ́n ń ya ọkọ̀ sí wà lápá òsì. Mo yà síbẹ̀, mo pa ẹ́ńjìnnì.

Wákàtí tó kù lórí káàdì mi ṣì tó láti gbé mi délé lọ́jọ́ yẹn. Àwọn lọ́rì yòókù ń kọjá. Ọ̀kan fun fèrè sí mi. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń kí mi ni tàbí ó ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Mo pe ọ́fíìsì. Ọkùnrin tó ń pín iṣẹ́ fún wa ní èmi ni mo wà níbẹ̀, èmi ni kí n pinnu, àwọn ò ní fipá mú ẹnikẹ́ni wakọ̀ nínú irú ẹ̀. Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́. Ì bá tiẹ̀ pàṣẹ fún mi pé kí n máa bọ̀, tàbí kó pàṣẹ pé kí n dúró, ǹ bá rí ẹni di ẹ̀bi rù.

Mo pe Rámótà. Mo ní sínóò ti dí ọ̀nà. Mi ò dárúkọ oorun.

"Àwọn lọ́rì tó kù ńkọ́?" ó ní. "Ṣé gbogbo yín lẹ dúró?"

Lọ́rì kan ń kọjá lọ lákòókò yẹn gan-an. Rámótà gbọ́ ọ.

"Okay. Tó bá ti stop, máa bọ̀. Jọ̀ọ́."

Yìnyín ò dáwọ́ dúró. Nígbà tó yá, wọ́n ti ọ̀nà náà pa. Ilẹ̀ ti ṣú pátápátá kí ọlọ́pàá tó wá sin àwa tó wà lórí òkè sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọgbà ìgbọ́kọ̀sí kan. Ibẹ̀ ni ọjọ́ iṣẹ́ mi parí sí, ibẹ̀ náà sì ni ìsinmi mi ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo fi ìka ṣírò rẹ̀. Ìsinmi ò ní pé títí wọ́n á fi pe Alfa jókòó.

Mo fi ránṣẹ́ sí Rámótà lórí fóònù. Kò pẹ́, Uncle Múfú pè mí. Òun ló mú mi mọ àwọn tí mo ń bá ṣiṣẹ́, Plumstead ló ń gbé, bọ́ọ̀sì ló ń wà.

"Fa card yẹn yọ, jàre," ó ní. "Yọ ọ́, kó o máa bọ̀. Ta ló ń wò ẹ́? Ọmọ ẹ làgbà, àbí machine?"

Mo na ọwọ́ sí káàdì náà. Mo fọwọ́ kàn án. Mo rántí ariwo etí títì, mo sì mú ọwọ́ mi kúrò. Mo sùn bí òkú.

Nígbà tí mo jí, oòrùn ti yọ. Ọkọ̀ tó ń da iyọ̀ sí títì kí yìnyín lè yọ́ ti kọjá, ojú títì dúdú, ó tutù, ó mọ́. Ọkọ̀ kéékèèké ń sáré lọ lórí rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì, mo fi búláńkẹ́ẹ̀tì bora, mò ń wo ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀, mi ò sì lè tan ẹ́ńjìnnì. Rámótà pè.

Mo gbọ́ pálọ̀ wa. Mo gbọ́ abọ́, mo gbọ́ obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ohùn Alfa.

"Bàbá ọmọ dà?"

Kí n tó la ẹnu, Rámótà ti dáhùn. "Ó ti dé Dartford, Alfa. Traffic ló mú un. Òun nìyẹn lórí loudspeaker."

Dartford! Ẹni tó bá ti dé Dartford ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà wa.

"Alhamdulillah," Alfa ní. "Ìkómọ mìíràn ń dúró dè mí ní Plumstead, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù fún un."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún mi. Ìyá Rámótà ní Ọlọ́run á gbé mi délé láyọ̀, mi ò ní pàdé agbako lójú ọ̀nà. Gbogbo wọn ṣe àmín. Mo ṣe àmín. Wọ́n dúró, wọ́n kọrin, wọ́n tún bèèrè mi. Rámótà ní mo ti ń yà bọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ojú ara mi sì tì mí.

Uncle Múfú ti pe Bàbá ní Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n gbé fóònù tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí mo wà lórí rẹ̀. Bàbá ti gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ.

"Ọmọ mi, ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ káàárọ̀, sà."

"O ń wakọ̀ bọ̀?"

Mo wo kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ níbi tó wà.

"Kí ló dé tí mi ò gbọ́ ẹ́ńjìnnì?"

Ẹnì kan ní bóyá network ni.

"Network kọ́," Bàbá ní. "Orí ẹ́ńjìnnì ni mo ti lo ayé mi. Ọkọ̀ tó bá dúró sójú kan, mo mọ ohùn rẹ̀. Kò sí ẹ́ńjìnnì níbẹ̀. Níbo lo wà?"

Mo lè purọ́ fún gbogbo Thamesmead. Mi ò lè purọ́ fún ọkùnrin yẹn lórí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì.

"Mo wà lápá àríwá, Bàbá. Mi ò tíì gbéra. Òfin ní kí n sinmi."

"Òfin kí ni?"

"Òfin pé kí awakọ̀ sùn."

"Kí awakọ̀ sùn," Bàbá tún un sọ, bí ẹni tó ń tọ́ oúnjẹ tí kò mọ̀ wò. "Lọ́jọ́ ìkómọ tìẹ, Kánò ni mo ti ń bọ̀. Mi ò dijú. Ọmọ mi wá dùbúlẹ̀ nítorí omi tó dì."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó yára fi ikọ́ bò ó. Alfa sọ pé ó yá, kò burú, kí bàbá ọmọ sọ orúkọ tó mú wá lórí fóònù. Orúkọ náà wà lẹ́nu mi. Mo ti gbé e pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ahọ́n mi sì kọ̀ láti gbé e jáde síwájú àwọn èèyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ìyàwó mi ń purọ́ nítorí mi. Wọ́n dúró.

"Ẹ pè é ní Sùlèmọ́nù," Bàbá ní láti Ìjẹ̀bú-Igbó.

Wọ́n ní àmín. Rámótà gbé fóònù, ó pa á.

Nígbà tí ìsinmi pé, mo wakọ̀ bọ̀ wálé. Mo tan rédíò ní gbogbo ọ̀nà. Mo fẹ́ kí wọ́n sọ pé lọ́rì kan ti ṣubú lórí òkè lánàá, pé ó ti yọ̀ bọ́ sí kòtò. Kí Ọlọ́run forí jì mí, mo fẹ́ gbọ́ ọ. Wọn ò sọ nǹkan kan. Gbogbo àwọn tó kọjá lára mi ló délé láyọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo wọlé. Bàtà àwọn àlejò ti tán lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Rámótà ń kó ìrẹsì tó kù sínú kúlà, ó kí mi láì wo ojú mi. Rámótà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọ wà láyà rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ó ní. Tó bá ku àwa méjì, kì í kí mi bẹ́ẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní òfin ni, mo ní ọlọ́pàá ni, mo ní yìnyín ni.

"Mo bò ẹ́ láṣìírí," ó ní, omi lójú rẹ̀. "Ṣé o ò kàn lè tan engine kó o jẹ́ kó máa dún ni?"

Mo na ọwọ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Orúkọ tí wọ́n fún mi lẹ́yìn náà ni Bàbá Dartford. Bí mo bá wọ ilé ìgẹrun ní Plumstead High Street, ẹnì kan á nahùn: "Bàbá Dartford, ṣé ẹ ti dé?" Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Eré ni, mo mọ̀ pé wọn ò ro ibi sí mi. Ṣùgbọ́n mo máa ń jáde níbẹ̀ pẹ̀lú orí tí wọ́n ti gẹ̀, ọkàn mi á wúwo. Bàbá ò bi mí ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀ mọ́. A máa ń kí ara wa, á bi mí nípa ọmọ, a ó ní ó dàárọ̀.

Mo ti rò ó títí. Láàárín àwọn awakọ̀ òyìnbó, èmi ni àjèjì tó ń jẹ ìrẹsì láti inú kúlà. Láàárín àwọn èèyàn mi, èmi ni ẹni tó ti di òyìnbó débi pé ẹ̀rọ ló ń sọ fún un ìgbà tó máa sùn. Ẹni tó sáré tó sì kú, a máa sọ pé ì bá dúró. Ẹni tó dúró, kò sí ohun tó lè fi hàn ẹnikẹ́ni. Ó kàn wà láàyè bíi gbogbo èèyàn, ó sì pẹ́ débi ìkómọ ọmọ rẹ̀.

Ní ọdún tí Sùlèmọ́nù bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, yìnyín tún bọ́, wọ́n ti ilé ìwé. Wọ́n pè mí níbi iṣẹ́ láàárọ̀, mo ní mi ò jáde. Ọmọ ń wá bátìrì tó máa fi sínú ọkọ̀ ìṣeré rẹ̀. Kó tó di pé mo rántí, ó ti fa dúrọ́ọ̀ yọ, fọ́tò yẹn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Daddy, who's this baby?"

"Ìwọ ni."

"Uncle Múfú ló gbé mi!" Ó ń nàka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Grandma nìyí. Mummy nìyí. Alfa nìyí." Ó yí fọ́tò náà padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, bí ẹni pé mo lè wà níbẹ̀. "Ìwọ dà?"

Rámótà ń fọ abọ́ ní kíṣìnì. Omi ń dún.

"Mo ń sùn," mo ní.

Mo dúró de ẹ̀rín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ojú sókè wò mí.

"Ṣé ó rẹ̀ ẹ́ ni?"

Gbogbo àwọn tó ti bi mí ní nǹkan nípa ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó bi mí ní ìyẹn rí.

"Ó rẹ̀ mí," mo ní. "Mo ti sùn nídìí sítíárìn lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dúró."

"Oh, okay." Ó ju fọ́tò sórí àga, ó padà sídìí bátìrì rẹ̀.

Omi ti dákẹ́ ní kíṣìnì. Rámótà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Lẹ́ẹ̀mejì?" ó ní. "O sọ fún mi pé sínóò ni."

"Sínóò wà níbẹ̀."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Ojú ló ń tì mí," mo ní. Ó sì ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́.